Ta Ni Wọ́n Yá Lówó?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan lára àwọn àbúrò wa tó wà ní ọdún àṣekágbá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́, sà. R-squared mi jẹ́ 0.97, gbogbo coefficient mi ló sì ní ìràwọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣé kí n máa kọ Orí Kẹrin lọ?" Ó ya fọ́tò èsì náà mọ́ ọn. Àìríṣẹ́ṣe àti òṣì ní Nàìjíríà ni àkòrí iṣẹ́ rẹ̀. Mo wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì. Inú ọmọ náà ń dùn, mo sì mọ irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí ó ti bá èmi náà rí, ó sì kù díẹ̀ kí ó dójú tì mí. Dípò kí n dá a lóhùn ní gbólóhùn kan, mo ní kí n kọ ìtàn tèmi síbí, fún un àti fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa jókòó ti Stata tàbí EViews ní sáà yìí.

Ọdún 2014 ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kó ohun tí ìyanṣẹ́lódì ọdún 2013 tú ká jọ ni, kálukú sì fẹ́ parí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kíákíá kó lọ sìnrú ìlú. Àkòrí tèmi ni ipa tí ẹ̀yáwó àwọn àgbẹ̀ ń kó nínú ohun tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ń mú wá fún Nàìjíríà, láti ọdún 1981 dé 2013. Kí n má parọ́, kì í ṣe pé ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn tó ṣáájú wa ti ṣe irú rẹ̀, dátà rẹ̀ kò sì ṣòro rí. Bàbá mi tún jẹ́ àgbẹ̀ olókòó nínú abà kan lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó, mo wá rò pé mo mọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ju àwọn ọmọ ìlú ńlá lọ.

Nọ́mbà tí mo lò fún ẹ̀yáwó ni ti ètò onígbọ̀wọ́ ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí ACGSF. Òfin ọdún 1977 ló dá a sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Báńkì ni ó ń yá àgbẹ̀ lówó. Iṣẹ́ ètò náà ni láti dúró bí onígbọ̀wọ́: bí àgbẹ̀ kò bá rí i san, ètò náà á gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè tó ṣẹ́kù kúrò lọ́rùn báńkì. Iye owó tí wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún wà nínú ìwé ìṣirò tí Báńkì Àpapọ̀, CBN, ń gbé jáde. Ní ti ohun tí iṣẹ́ àgbẹ̀ mú wá, mo rí fáìlì kan tó dé ọdún 2009 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo sì fa ti 2010 dé 2013 yọ láti inú ohun tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ nínú Excel, ìsàlẹ̀ èkíní mọ́ orí èkejì, mo gba log gbogbo wọn, mo sì tẹ bọ́tìnì.

R-squared yọ ní 0.98. Ìràwọ̀ mẹ́ta wà lára ẹ̀yáwó. Durbin-Watson jẹ́ 0.41, ṣùgbọ́n n kò wo ibẹ̀. Mo jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn mo lọ sí abà. Bàbá mi ń fi ọwọ́ tú kòkó tó sá sórí ẹní. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ mi ti jáde, pé mo ti rí i nínú ìṣirò pé ẹ̀yáwó tí ìjọba ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ àgbẹ̀ gbòòrò gan-an.

Wọn ò gbójú sókè. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n yá lówó?"

Mo ní àwọn àgbẹ̀ ni.

"Nínú abà yìí, ta ni wọ́n yá?"

Mo ronú. Kò sí ẹnì kankan. Owó ilé-ìwé èmi gan-an, ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ti yá apá kan. Apá kejì wá láti ọwọ́ ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn, òun á sì gba tirẹ̀ padà nígbà ìkórè ní iye tí òun fúnra rẹ̀ bá dá lé kòkó. Mo ní, "Bàbá, ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni mo ń sọ, kì í ṣe ti abà wa."

"Ṣé àwa ò sí lára orílẹ̀-èdè ọ̀hún ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé èsì mi lọ sọ́dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ mi. Wọn ò tilẹ̀ wo tábìlì tí mo fi ń yangàn. Wọ́n ní, "Ya àwòrán rẹ̀ kí n rí i." Mo ní, "Sà?" Wọ́n ní, "Gíráàfù. Ọdún ní ìsàlẹ̀, nọ́mbà ní ẹ̀gbẹ́. Má gba log rẹ̀."

Mo yà á níwájú wọn. Ìlà náà ń gun òkè jẹ́jẹ́ títí dé 2009, ó wá fò sókè ní 2010 bí ẹni tí ejò bù ṣán, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ láti òkè ibẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2010. Ohun tó ń tì mí lójú títí di òní ni pé mo ní ìdáhùn. Mo ti kọ ojú ìwé méjì ní Orí Kẹrin nípa bí ètò ìjọba lórí ẹ̀yáwó ṣe so èso ní ọdún náà. Mo ti yin ènìyàn fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, NBS tún ìdíwọ̀n GDP wa ṣe. Ọdún 1990 ni ìpìlẹ̀ ìṣirò náà wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí 2010, wọ́n sì ka àwọn iṣẹ́ tí ìṣirò àtijọ́ kò kà dáadáa, irú bíi fóònù alágbèéká àti fíìmù ṣíṣe. GDP ọdún 2013, tó jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 42.4 náírà lórí ìdíwọ̀n àtijọ́, di tírílíọ̀nù 80.2. Ọ̀la kò pọ̀ sí i nínú ilé ẹnikẹ́ni lóru ọjọ́ náà. Òṣùwọ̀n ló yí padà. Èmi wá fi kóńgò wọn ìdajì àpò, mo fi agbọ̀n wọn ìdajì tó kù, mo sì ń sọ fún ayé pé àgbàdo pọ̀ sí i.

Ẹ wádìí ibi tí nọ́mbà ti wá

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyẹn, òun náà ni mo fi dá àbúrò wa lóhùn. Mo ní kí ó wo àìríṣẹ́ṣe tó ń lò. Ní ìdá mẹ́rin ìkẹyìn ọdún 2020, NBS ní àìríṣẹ́ṣe jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún 2023, ó di 4.1. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní ọdún méjèèjì mọ̀ pé iṣẹ́ kò ya lulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ "aláìríṣẹ́" ló yí padà. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ jẹ́ aláìríṣẹ́. Lábẹ́ ìlànà tuntun, tó bá ti gbogbo àgbáyé mu, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti di oníṣẹ́. Ìlànà kọ̀ọ̀kan ní ìdí tirẹ̀. Ohun tí kò ní ìdí ni kí a to méjèèjì sí òpó kan nínú Excel, kí a wá sọ pé ètò kan ló dín àìríṣẹ́ṣe kù.

Ọ̀wọ́n gógó náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, NBS kéde 34.80. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọdún ìpìlẹ̀ láti 2009 sí 2024 tí wọ́n sì tún agbọ̀n ọjà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ṣe, ó di 24.48. Ẹ lọ bi àwọn ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Odò-Ògbè bóyá ọjà já wálẹ̀ lóṣù náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí Stata, ẹ ṣí ìwé pélébé kan. Fún nọ́mbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó kà á, ohun tó kà, bó ṣe kà á, ọdún ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìlànà bá yí padà láàárín, ẹ wá dátà tí wọ́n ti fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tún kà sẹ́yìn, tàbí kí ẹ dá iṣẹ́ yín dúró níbi tí òṣùwọ̀n ti yí. Dummy lè sàmì sí ọdún tí ìyípadà wáyé. Kò lè sọ wákàtí kan di ogún.

Ẹ tún wo ohun tí nọ́mbà náà kò kà. Nọ́mbà ACGSF mi kà kìkì ẹ̀yáwó tí ètò náà ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò ka alájẹṣẹ́kù bàbá mi, kò ka ẹni tó ń ra kòkó, kò sì sọ bóyá ẹni tó gba owó náà ní oko. Ìbéèrè tí bàbá mi bi mí lórí ẹní kòkó ni ìbéèrè tó yẹ kí n bi dátà mi kí n tó bi í ní ohunkóhun mìíràn.

Ohun méjì tó jọ ń dàgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo ṣe ń ga sí i ni owó gàrí ń ga sí i. Bí ẹ bá kọ gíga mi àti iye kóńgò gàrí kan sílẹ̀ lọ́dọọdún, tí ẹ sì fi regression wò ó, R-squared yín á dùn-ún wò. Kò sí ẹni tó máa wá ní kí wọ́n gé mi lẹ́sẹ̀ kí gàrí lè dínwó.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1926, onímọ̀ ìṣirò G. Udny Yule fi hàn pé láàárín ọdún 1866 sí 1911, ìdá àwọn ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti iye ikú níbẹ̀ jọ ń lọ sílẹ̀, ìbáṣepọ̀ wọn sì tó 0.95. Ní 1974, Clive Granger àti Paul Newbold fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá àwọn nọ́mbà tí kò mọ ara wọn rí, tí kálukú kàn ń rìn kiri bí ọ̀mùtí, wọ́n sì rí i pé regression a máa sọ wọ́n di mọ̀lẹ́bí lemọ́lemọ́. Ìkìlọ̀ tí a fi ń rántí wọn rọrùn: bí R-squared yín bá ga ju Durbin-Watson yín lọ, ẹ fura. Tèmi jẹ́ 0.98 sí 0.41. Àmì ìkìlọ̀ náà wà lójú mi kedere, mo ń fi ọwọ́ bò ó kí n lè rí ìràwọ̀.

Nínú iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà, ohun tó ń fa irú èyí jù lọ ni iye owó náírà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yáwó tí a kọ ní náírà ń pọ̀ nítorí pé náírà ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ohun tí àgbẹ̀ mú wá tí a kọ ní náírà ń pọ̀ nítorí ìdí kan náà. Ẹ yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò lára méjèèjì kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ní unit root, bóyá wọ́n jọ so mọ́ra fún ìgbà pípẹ́, tàbí bóyá ìyípadà ọdún dé ọdún nìkan ni ẹ lè lò. Gbogbo ìdánwò wọ̀nyí wà nínú ìwé kíláàsì yín; n kò ní tún wọn kọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ ya àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ojú yín á rí ohun tí ìdánwò ò ní sọ fún yín, títí kan òdo tí ẹnì kan fi kún nọ́mbà nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò lè gbé gbogbo ẹrù

Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn ARDL, pàápàá ìdánwò bounds tí Pesaran, Shin àti Smith gbé jáde ní 2001, nítorí pé ó gba I(0) àti I(1) pọ̀ sínú ìkòkò kan. Irinṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Ẹ ní ọdún 33, ohun kan tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé, àti ohun mẹ́ta tí ẹ fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun gbogbo ní lag mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ti lọ, ó ku 29. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé gba coefficient mẹ́rin, àwọn mẹ́ta tó kù gba márùn-ún márùn-ún, constant gba ọ̀kan: ogún. Ó ku mẹ́sàn-án péré láti fi mọ bóyá òótọ́ ni ẹ ń sọ. Bí ẹ bá wá fi dummy méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àwòṣe yín ka ọdún kọ̀ọ̀kan lórúkọ ni. Ìdánwò unit root náà kì í lágbára tó lórí dátà tó kéré báyìí. Nítorí náà, ìwọ̀nba lag, ìwọ̀nba variable, kí ẹ sì lè sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ kúrò lórí dátà ọdọọdún pátápátá. Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo padà wá kàwé sí i nìyẹn. Láti 2010 ni NBS, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ti ń lọ bá nǹkan bí 5,000 ìdílé káàkiri Nàìjíríà nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní GHS-Panel: lẹ́yìn ìgbìn, wọ́n á lọ, lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á tún lọ. Wọ́n ń béèrè oko, irè, oúnjẹ, àti ẹ̀yáwó. Ọ̀fẹ́ ni láti gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, mo lè bi dátà ní ìbéèrè bàbá mi gan-an: ta ni wọ́n yá, ta ló sì yá wọn? Ẹ ṣáà rántí pé agbègbè 500 ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, kí wọ́n tó mú ìdílé mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí àwọn ìdílé mẹ́wàá náà, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Bí ẹ bá ṣe bí ẹni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan dá dúró, standard error yín á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ṣe cluster, ẹ sì lo ìwọ̀n tí wọ́n fi pẹ̀lú dátà náà.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1951 sí 1952, Galletti, Baldwin àti Dina darí ìwádìí kan tó wọ ilé àwọn olókòó Yorùbá, tó kọ owó tó ń wọlé, owó tó ń jáde àti gbèsè wọn sílẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1956. Wọn ò ní Stata. Wọ́n ní ẹsẹ̀, wọ́n sì mọ ìbéèrè tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí.

Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́

Nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìparí, ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ìdánwò Granger, a ó wá kọ ọ́ pé ẹ̀yáwó ló "fa" ìdàgbàsókè. Ohun tí ìdánwò náà ń béèrè ni bóyá ìtàn àtẹ̀yìnwá ohun kan ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń bọ̀ nínú èkejì. Ní abà wa, àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ní àràárọ̀, láìyẹ̀. Bí ẹ bá gbé e fún ìdánwò Granger, àkùkọ ló fa òwúrọ̀. Ẹ pa àkùkọ náà sọ́bẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ò ní mọ́.

Ẹ wo bí àwọn kan ṣe wá ìdí gidi. Ìbéèrè wọn ni: ṣé ilé-ìwé tí ọmọbìnrin lọ ló ń dín iye ọmọ tó ń bí kù? Obìnrin tó kàwé lè jẹ́ ọmọ olówó, ó lè jẹ́ ará ìlú ńlá. A kò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Una Osili àti Bridget Terry Long wá lo ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Awólọ́wọ̀, ẹni tí yunifásítì wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti oṣù kìíní ọdún 1955, nítorí náà ètò 1976 kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà níbẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, ó yí i padà gan-an. Àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1976 kò lè jàǹfààní rẹ̀ níbikíbi. Wọ́n wá fi ìyàtọ̀ àárín àgbà àti ọmọdé ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ kíláàsì púpọ̀ wé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí wọn ò ti kọ́ púpọ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2008, wọ́n rí i pé ọdún kan lé sí i nílé-ìwé dín iye ọmọ tí obìnrin bí kó tó pé ọmọ ọdún 25 kù ní 0.26.

Ẹ kíyè sí i pé ìtàn ló gba ìwádìí náà là. Ẹni tí kò mọ 1955 á ka Ìwọ̀-Oòrùn mọ́ ìyókù. Ẹ̀yin náà ẹ wá irú ibẹ̀: òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó, ní ibì kan tí kò tíì dé ibòmíràn. Bí ẹ kò bá rí i, kò burú. Ẹ kọ "ó bá a rìn", ẹ má kọ "ó fà á".

Ìràwọ̀ kọ́ ni èsì

Ẹ jẹ́ kí n padà sí yàrá alábòójútó mi. Mo padà sí ìdíwọ̀n kan ṣoṣo fún GDP, mo yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò lára ẹ̀yáwó, mo sì lo ìyípadà ọdún dé ọdún. R-squared mi di 0.11. Ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀. Mo gbé e lọ bí ẹni tó gbé òkú ọmọ adìyẹ lọ́wọ́. Mo bi wọ́n bóyá mo lè fi variable mìíràn sí i títí ìràwọ̀ á fi padà. Wọ́n ní bí mo bá dán ogún ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ wò ní ìpele 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó yẹ kí n retí pé ọ̀kan nínú wọn á yọ ìràwọ̀ lásán. "Ṣé ọ̀kan yẹn lo fẹ́ lọ gbèjà?"

Nítorí náà, ẹ kọ bó ṣe tóbi tó kí ẹ tó kọ bó ṣe ní ìràwọ̀ tó. Bí coefficient log sí log bá jẹ́ 0.02, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí a fi kún ẹ̀yáwó bá ìdá 0.2 péré lọ́dọ̀ àgbẹ̀, ìràwọ̀ ì báà jẹ́ mẹ́ta. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ dán wò, títí kan èyí tí kò jẹ́. Ẹ tọ́jú dátà ìpilẹ̀ṣẹ̀ láìfọwọ́kàn án, kí ẹ sì ṣe gbogbo àtúnṣe nínú do-file, kí ẹlòmíràn lè tẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀ kó rí ohun tí ẹ rí. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yí nọ́mbà nínú Excel á gbàgbé ohun tó ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni ẹni náà.

Ní ọjọ́ ìgbèjà, ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò bi mí pé, "Ìyẹn ni pé o ò rí nǹkan kan?" Mo ní mo rí i pé dátà yìí kò lè gbè mí sọ pé ẹ̀yáwó tí wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ mú iṣẹ́ àgbẹ̀ gbòòrò, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, láti orí òṣùwọ̀n dé orí ohun tí nọ́mbà náà kò kà. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè méjì sí i, mo dáhùn láìwo ìwé. Bó bá jẹ́ èsì àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ, ìbéèrè kan lórí 2010 ì bá ti tó láti tú mi fó.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà délé, bàbá mi ṣí i, wọ́n wo àwọn tábìlì, wọ́n sì bi mí bóyá mo kọ ohun tí wọ́n sọ sínú rẹ̀. Mo fi ojú ìwé náà hàn wọ́n. Ó wà ní Orí Karùn-ún, gbólóhùn mẹ́rin péré: pé nọ́mbà yìí kò ka ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù àti ti àwọn tó ń ra kòkó, àti pé kò sọ ẹni tí wọ́n yá. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn dára."

Àbúrò mi, iṣẹ́ rẹ kò tíì bàjẹ́. Fi Orí Kẹrin sílẹ̀ ní alẹ́ òní. Ya àwòrán àìríṣẹ́ṣe yẹn láìgba log rẹ̀, wo ọdún tí ó ti já wálẹ̀, kí o sì ka ìwé tí NBS kọ nípa ìlànà tuntun náà. Lẹ́yìn náà, pè mí. Mo ṣì wà lójúfò.